Bí Pánẹ́ẹ̀lì Sólà Ṣe Ń Sọ Ìmọ́lẹ̀ Oòrùn Di Iná Mọ̀nàmọ́ná

Láti Ìbàdàn dé Kìṣí, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìséyìn, pánẹ́ẹ̀lì sólà ti di ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. A ń rí i lórí òrùlé ilé gbígbé, ní ilé ìwòsàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ẹ̀rọ, ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àti ti onígbàjámọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní ọdún 2023, tí iye owó epo sì ti lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí apá mẹ̀kúnnù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ká a mọ́, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti ń wo oòrùn gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìrànlọ́wọ́ yóò ti wá.

Ìrètí náà kì í ṣe asán. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi owó gọbọi ra ohun èlò yìí ni kò tíì rí ẹni ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Ẹni tí kò mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí òǹtajà bá sọ fún un ni yóò gbà. Ìdí nìyí tí owó àjọ ọdún kan fi lè run sórí bátìrì tí kò lo ọdún kan kó tó kú, tàbí sórí pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbé sí ibi tí òjìji igi ń bò mọ́lẹ̀. Àlàyé tó wà nísàlẹ̀ yìí yóò sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń di iná mọ̀nàmọ́ná. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ohun tí ìmọ̀ yìí túmọ̀ sí fún ẹni tó bá fẹ́ ra sólà sí ilé tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ Ni, Kì í Ṣe Ooru

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a mọ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni pánẹ́ẹ̀lì ń lò, kì í ṣe ooru rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí oòrùn bá ṣe mú tó ni iná yóò ṣe pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ooru máa ń dín agbára pánẹ́ẹ̀lì kù. Bí ara pánẹ́ẹ̀lì bá ti gbóná kọjá dígírì 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, dígírì kọ̀ọ̀kan tó bá tún fi lé e máa ń gba nǹkan bí ìdá 0.3 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára agbára rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pánẹ́ẹ̀lì tó wà lórí páànù lè gbóná dé dígírì 60. Èyí nìkan tó láti mú nǹkan bí ìdá 10 sí 17 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í fi lẹ pánẹ́ẹ̀lì mọ́ páànù pẹ́kípẹ́kí. Ó máa ń fi irin gbé e sókè díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Oòrùn jìnnà sí ilé ayé tó nǹkan bí 150 mílíọ̀nù kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ yìí máa ń wá ní ẹyọ-ẹyọ, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wọ́n àgbàdo sílẹ̀ fún adìẹ. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní fótọ́ọ̀nù. Fótọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n agbára tó gbé dání. Agbára yìí ni pánẹ́ẹ̀lì ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ṣe iná.

Ibi Tí Ìmọ̀ Yìí Ti Bẹ̀rẹ̀

Sólà kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ní ọdún 1839, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Edmond Becquerel, ẹni ọdún 19, ń ṣe ìwádìí pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tí ó tì bọ inú omi tí a po oògùn sí. Ó ṣàkíyèsí pé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i, iná máa ń ṣàn níbẹ̀. Ní ọdún 1883, Charles Fritts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sẹ̀lẹ́níọ́ọ̀mù ṣe sẹ́ẹ̀lì sólà, ó sì fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń sọ di iná kò ju nǹkan bí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ní ọdún 1905 ni Albert Einstein ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò ní ibùgbé rẹ̀, àlàyé yìí sì wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1921. Nígbà tó di ọdún 1954, àwọn òṣìṣẹ́ Bell Laboratories mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson, gbé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù ṣe jáde. Èyí lè sọ nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e di iná. Ní ọdún 1958, sátẹ́láìtì Vanguard 1 gbé irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lọ sí òfuurufú.

Lónìí, pánẹ́ẹ̀lì tó dára tí wọ́n ń tà lọ́jà máa ń sọ nǹkan bí ìdá 20 sí 23 nínú ọgọ́rùn-ún di iná. Ìṣẹ̀dá fúnra rẹ̀ kò sì gbà kí sẹ́ẹ̀lì sílíkọ́ọ̀nù lásán kọjá nǹkan bí ìdá 30. Nítorí náà, bí òǹtajà bá sọ fún yín pé pánẹ́ẹ̀lì tòun ń sọ ìdajì ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná, ẹ mọ̀ pé irọ́ ni.

Ohun Tó Wà Nínú Sẹ́ẹ̀lì Sólà

Bí ẹ bá wo ojú pánẹ́ẹ̀lì dáadáa, ẹ óò rí i pé ó pín sí igun mẹ́rin kéékèèké, tó ní àwọ̀ dúdú tàbí búlúù, tí ìlà wínníwínní bíi ti fàdákà sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn igun mẹ́rin yìí ni à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ti ń di iná.

Sílíkọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì náà. Inú irú òkúta funfun tó ń kú di iyanrìn ni wọ́n ti ń yọ ọ́, wọ́n á sì fi iná líle yọ́ ọ títí ìdọ̀tí inú rẹ̀ yóò fi tán. Bí a bá yọ ti ọ́síjìn kúrò, kò sí èròjà mìíràn tó pọ̀ tó o nínú ilẹ̀ ayé.

Sílíkọ́ọ̀nù, gẹ́gẹ́ bíi gbogbo nǹkan mìíràn, jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn átọ́ọ̀mù tó kéré débi pé ojú kò lè rí wọn. Átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yí i ká. Ohun tí à ń pè ní iná mọ̀nàmọ́ná kò ju pé kí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù máa rìn láti ibì kan dé ibòmíràn nínú wáyà. Átọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin ní ìta ara rẹ̀, ó sì fi wọ́n di àwọn aládùúgbò rẹ̀ mú ṣinṣin. Nítorí pé ìdìmú náà le, sílíkọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe sẹ́ẹ̀lì fi máa ń po nǹkan díẹ̀ mọ́ ọn. Sí apá kan, wọ́n á fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀ sí i, èyí tó ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù márùn-ún ní ìta. Mẹ́rin yóò rí ibi dì mú, ìkarùn-ún yóò sì wà láìní ibi tí yóò dì mú. Sí apá kejì, wọ́n á fi bórọ́ọ̀nù sí i, èyí tó ní mẹ́ta péré. Níbẹ̀, àyè kan yóò ṣófo. Àyè òfìfo yìí ni wọ́n ń pè ní ihò.

Ẹni tó mọ ayò ọlọ́pọ́n yóò tètè mọ ohun tí à ń wí. Ẹ fojú inú wo ọpọ́n méjì tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú ọ̀kan, ọmọ ayò pọ̀ ju ihò lọ. Nínú èkejì, ihò pọ̀ ju ọmọ ayò lọ. Bí sẹ́ẹ̀lì sólà ṣe rí nìyẹn.

Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Di Iná

Níbi tí apá méjèèjì ti pàdé, díẹ̀ lára àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ṣẹ́ kù ní apá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yóò kọjá lọ dí ihò tó wà ní apá bórọ́ọ̀nù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló lè kọjá. Bí díẹ̀ bá ti lọ, apá tí wọ́n ti kúrò yóò di pọ́sítíìfù, apá tí wọ́n lọ yóò sì di négátíìfù. Ìyàtọ̀ yìí yóò wá dá ohun kan sílẹ̀ ní ẹnu ààlà náà, tó dà bí ẹnu-ọ̀nà tí kì í ṣí sí ẹ̀yìn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá dé ibẹ̀, apá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nìkan ni yóò tì í sí. Kò ní gbà kí ó padà.

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí fótọ́ọ̀nù bá wọ inú sílíkọ́ọ̀nù, tí agbára rẹ̀ sì tó, yóò já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan gbà kúrò níbi tó dì mú. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà di òmìnira, ihò kan sì ṣẹ́ kù sí ibi tó ti kúrò. Bí ó bá dé ẹnu ààlà, ẹnu-ọ̀nà yẹn yóò tì í sí ojú sẹ́ẹ̀lì lókè. Àwọn ìlà wínníwínní tí a rí lójú sẹ́ẹ̀lì ló ń gbà á níbẹ̀. Kò lè padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ihò ń dúró dè é ní apá kejì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún un ni kí ó gba inú wáyà jáde, kí ó kọjá nínú gílóòbù, fáànù tàbí bátìrì, kí ó tó padà wọlé láti ẹ̀yìn sẹ́ẹ̀lì lọ dí ihò náà. Bí ó ti ń kọjá nínú gílóòbù ni gílóòbù ń tàn. Bí oòrùn bá ń ràn, àìlóǹkà mílíọ̀nù àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń rin ìrìn yìí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ohun tó jó níbẹ̀, kò sí ohun tó tán, kò sì sí ohun tó ń yí bíi ti jẹnẹrétọ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó jáde ló tún padà wọlé. Ìdí nìyí tí pánẹ́ẹ̀lì tó dára fi lè ṣiṣẹ́ fún ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ariwo àti èéfín, kí ó sì tún kù tó nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó ní nígbà tó wà lọ́tun.

Kí ló wá dé tí gbogbo ìmọ́lẹ̀ kò fi di iná? Àwọn fótọ́ọ̀nù kan kò ní agbára tó láti já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà. Àwọn mìíràn ní ju èyí tó yẹ lọ, àṣẹ́kù náà yóò sì di ooru. Àwọn kan yóò ta padà láti ojú dígí. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan náà yóò jábọ́ sínú ihò kí wọ́n tó rí ọ̀nà jáde.

Láti Sẹ́ẹ̀lì Kan Dé Odidi Pánẹ́ẹ̀lì

Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kò lè mú ju nǹkan bí ìdajì fóòtì lọ tàbí kí ó lé díẹ̀. Èyí kò tó láti tan gílóòbù kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń so wọ́n pọ̀ ní ìtẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn kan. Sẹ́ẹ̀lì 36 tí a so pọ̀ báyìí tó láti fi agbára sínú bátìrì onífóòtì 12. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì ńláńlá máa ń ní sẹ́ẹ̀lì 60 tàbí 72, tàbí ìlọ́po méjì iye yẹn tí wọ́n gé sí méjì-méjì. Dígí tó le ni wọ́n fi ń bo iwájú, irin alumíníọ́ọ̀mù sì ni wọ́n fi ń ká a mọ́.

Nítorí pé wọ́n wà ní ìtẹ̀léra, ohun tó bá ṣe ọ̀kan yóò kan àwọn yòókù. Ó dà bí ojú ọ̀nà tí gbogbo ọkọ̀ ń gbà. Bí ibì kan bá fún pọ̀, gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ni yóò rọra. Òjìji ẹ̀ka igi kan, ti òpó iná tàbí ti ọ̀pá tẹlifíṣọ̀n, bí ó tilẹ̀ bo sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ péré, lè mú apá ńlá lára agbára pánẹ́ẹ̀lì lọ. Kí wọ́n tó de pánẹ́ẹ̀lì mọ́ òrùlé yín, ẹ wo ibi tí òjìji ń dé ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́.

Iye wáàtì tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé mítà kan níbùú lóròó bá jẹ́ wáàtì 1,000, tí ara sẹ́ẹ̀lì sì wà ní dígírì 25. Pánẹ́ẹ̀lì tó gba mítà méjì níbùú lóròó, tó sì ń sọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún di iná, yóò mú wáàtì 400 wá ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Lórí òrùlé tiwa, nítorí ooru àti eruku, iye tí a ń rí kì í sábà tó bẹ́ẹ̀.

Láti Orí Òrùlé Dé Inú Ilé

Iná tó ń ti pánẹ́ẹ̀lì jáde ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ, gẹ́gẹ́ bíi ti bátìrì ọkọ̀. Iná tí fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ilé wa ń lò ń lọ, ó sì ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú fóòtì 230. Nítorí náà, ohun èlò mẹ́ta mìíràn ṣe pàtàkì.

Àkọ́kọ́ ni kọ̀ńtúrólà, tó ń ṣọ́ bí iná ṣe ń wọ inú bátìrì, kí ó má baà pọ̀ jù. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, PWM àti MPPT. MPPT wọ́n ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ó ń rí iná gbà lára pánẹ́ẹ̀lì jù ú lọ.

Èkejì ni bátìrì, tó ń tọ́jú iná ọ̀sán di alẹ́. Bátìrì olójèé, èyí tó ní ásíìdì nínú, kò yẹ kí a lò kọjá ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ kí a tó tún fi agbára sí i. Bí a bá ń lò ó gbẹ lójoojúmọ́, kì í pẹ́ kú. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí a bá fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n ó ṣeé lò dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì máa ń pẹ́ ju olójèé lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni ínfátà, tó ń sọ iná ọlọ́nà kan di irú èyí tí ohun èlò ilé ń lò.

Oòrùn Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé mítà kan níbùú lóròó ní agbègbè wa, bí a bá pín in dọ́gba, tó nǹkan bí kílówáàtì mẹ́rin sí márùn-ún fún wákàtí kan lójúmọ́. Ìyẹn ni pé gbogbo ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan dọ́gba pẹ̀lú wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún tí oòrùn fi ràn ní kíkún. Agbègbè Òkè-Ògùn ń rí ju ti Ìbàdàn lọ díẹ̀, nítorí pé ìkùukùu kò pọ̀ níbẹ̀ tó ti ìsàlẹ̀. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ, nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, agbára náà máa ń dín kù. Pánẹ́ẹ̀lì kì í dákẹ́ pátápátá lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá bo oòrùn, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú wá lè má ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń bo ojú dígí. Ẹ fi omi lásán àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí dígí bá ti tutù. Bí a bá da omi tútù sí dígí tó gbóná janjan, ó lè sán. Ẹ má ṣe fi yanrìn tàbí kànìnkànìn irin fọ̀ ọ́, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Nítorí pé ìpínlẹ̀ wa wà ní àríwá ìlà tó dá ayé sí méjì, gúúsù ni ó dára kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí. Ó tó kí ó dagun ní nǹkan bíi dígírì mẹ́wàá, kí oòrùn lè bà á dáadáa, kí òjò sì lè máa ṣan eruku rẹ̀ dànù.

Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ohun Tí Ilé Nílò

Ọ̀pọ̀ ìjákulẹ̀ ló ń wá láti inú àìṣírò. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé kan tó ní gílóòbù márùn-ún, fáànù méjì àti tẹlifíṣọ̀n kan.

Gílóòbù márùn-ún tó ń lo wáàtì 10-10, fún wákàtí mẹ́fà, jẹ́ 300. Fáànù méjì tó ń lo wáàtì 60-60, fún wákàtí mẹ́jọ, jẹ́ 960. Tẹlifíṣọ̀n tó ń lo wáàtì 80, fún wákàtí márùn-ún, jẹ́ 400. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ wáàtì 1,660 fún wákàtí kan lójúmọ́.

Díẹ̀ máa ń ṣòfò nínú wáyà, nínú bátìrì àti nínú ínfátà. Nítorí náà, a óò pín 1,660 sí 0.75, yóò sì fún wa ní nǹkan bí 2,213. Bí a bá pín èyí sí wákàtí oòrùn mẹ́rin, a óò rí i pé ìdílé yìí nílò pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 553 ó kéré tán. Pánẹ́ẹ̀lì méjì tó jẹ́ wáàtì 300-300 yóò tó o.

Ní ti bátìrì, ẹ jẹ́ kí a gbà pé alẹ́ ni wọ́n ń lo gbogbo rẹ̀. Bátìrì olójèé onífóòtì 12 tó jẹ́ áńpíà 200 gba 2,400, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀, 1,200, ni ó yẹ kí a lò. Ọ̀kan kò ní tó. Méjì ni wọn yóò rà. Ẹni tó bá ta ẹyọ kan fún irú ìdílé yìí ti tà á fún wọn kí ó lè tètè kú.

Ẹ kíyè sí i pé a kò ka áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ ìgbomi-kaná àti ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ọn. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo lè lo wáàtì 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfami pẹ̀lú máa ń fa ìlọ́po iná tó yẹ kí wọ́n lò nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo irú nǹkan wọ̀nyí, ẹ sọ fún oníṣẹ́ yín kí ó tó ṣírò, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti de gbogbo rẹ̀ tán.

Kí Ẹ Tó San Owó

Ẹ ka ìwé tó wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì. Ó yẹ kí orúkọ ẹni tó ṣe é, iye wáàtì, fóòtì àti áńpíà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wọn òró àti ìbú rẹ̀. Bí pánẹ́ẹ̀lì kò bá fẹ̀ ju mítà kan níbùú lóròó lọ, tí wọ́n sì kọ wáàtì 400 sí i, ohun tí wọ́n kọ kì í ṣe òótọ́, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò lè mú ju nǹkan bí wáàtì 230 wá.

Ẹ ní kí wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì sínú oòrùn, kí wọ́n sì fi mítà wọ̀n ọ́n níṣojú yín. Ẹ gbé bátìrì olójèé wò. Òjé wúwo, nítorí náà bátìrì tó fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ yẹ kí ó fu yín lára. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé ìdánilójú tó sọ iye ọdún tí òǹtajà yóò fi dúró lẹ́yìn ọjà rẹ̀. Ẹ má ṣe gba àdéhùn ẹnu lásán. Ẹ ní kí oníṣẹ́ kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì fi wé irú èyí tí a ṣe lókè yìí.

Ọ̀rọ̀ Ààbò

Pánẹ́ẹ̀lì kò ní ibi tí a lè ti pa á. Níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń bà á, iná wà lẹ́nu wáyà rẹ̀. Bí a bá so púpọ̀ pọ̀, fóòtì rẹ̀ lè pa ènìyàn. Bí wáyà bá já tàbí tí kò dì dáadáa, ó lè ta iná tí yóò sì jó òrùlé. Kí ó jẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni yóò so ó, kí ó lo wáyà tó nípọn tó, fíúsì àti ohun tí a fi lè gé iná kúrò láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì. Kí ó sì fi wáyà tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ sí i, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní áàtì.

Ẹ má ṣe gbé bátìrì olójèé sínú yàrá tí ẹ ń sùn. Bí ó bá ń gba agbára, ó máa ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde, ásíìdì inú rẹ̀ sì lè bó ènìyàn lára. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, tí ọwọ́ ọmọdé kò sì lè tó, ni ààyè rẹ̀.

Bí bátìrì bá kú, ẹ má ṣe tú u fọ́ nínú ọgbà, ẹ má sì gbé e fún ẹni tó ń fi àáké là á lẹ́bàá ilé. Òjé inú rẹ̀ jẹ́ májèlé. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ohun tó sì bà jẹ́ kì í sábà ṣeé tún ṣe. Ẹ dá a padà fún òǹtajà tó ń gbà á fún àwọn tó ní ilé iṣẹ́ tó bófin mu.

Bí a bá fi gbogbo èyí wé jẹnẹrétọ̀, sólà ṣì fi ewu kan sílẹ̀ fún un pátápátá. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì kan tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí, tó ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé mọ́jú nítorí pé wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sẹ́bàá fèrèsé. Pánẹ́ẹ̀lì kò ní irú èéfín bẹ́ẹ̀.

Oòrùn tó ń ràn lé wa lórí lónìí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun èlò tí a fi ń gbà á ló ń náni lówó. Nítorí náà, ẹ mú bébà àti bírò, ẹ kọ gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé yín sílẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ bí a ti ṣe é lókè yìí, kí ẹ tó lọ bá òǹtajà. Ẹni tó bá mọ iye tó nílò kí ó tó dé ọjà, ó ṣòro kí wọ́n tó rẹ́ ẹ jẹ.